Ọ̀rọ̀ Tí Sáfà Gbà Tí Kò Fi Han Ẹnikẹ́ni

Àwọn kan ní àwọn ará ilé bàbá mi ló di ìyá mi létí. Ṣíọ̀! Máṣìnnì ìtẹ̀wé ló jẹ etí ìyá mi. Ní Ṣómólú, níbi tí ìró máṣìnnì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jáde lọ sílé ìwé, ìyá mi dúró ti ẹ̀rọ bàbá mi láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé títí bàbá fi kú. Òun ló ń ki bébà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, òun ló ń kó o jọ, òun ló ń to ojú ìwé tẹ̀lé ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó fi nǹkan dí etí. Ta ni ì bá sọ ọ́? Nígbà tí a ó fi mọ̀, à ń pè é láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. A bá dúró níwájú rẹ̀, ẹnu wa ló ń wò. Nígbà tó yá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ohùn tirẹ̀ kò lọ o. Ó ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò gbọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé to ojú ìwé, ṣé ìwé ni kò ní lè kà? Fóònù wá di etí rẹ̀. Bàrígà ni èmi ń gbé, mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akoka. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ṣómólú, òun ló jogún ilé ìtẹ̀wé. Àwa mẹ́ta la kù. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á ti dá mi lóhùn kí omi orí iná mi tó hó.

Àfìgbà tí wọ́n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Fádèyí. Fóònù tuntun kì í ṣe wàhálà, a rà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kọ sí i láti orí ibùsùn ọsibítù, kó tó kú, inú fóònù yẹn ló wà. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé, ó sunkún débi pé àwọn ará àdúgbò rò pé òkú tuntun kú. Ó ní, "Wọ́n ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Èmi, tí inú mi kì í pẹ́ ru, mo fi ọwọ́ lu àyà. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ó tán, ọ̀rọ̀ kankan kò ní sọnù mọ́ nínú ilé yìí. Mo wá kọ̀ǹpútà àlòkù méjì, mo sọ wọ́n di ohun tí àwa oníkọ̀ǹpútà ń pè ní sáfà: ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó sì ń pín in fún àwọn tó yẹ kó rí i. Mo gbé ọ̀kan sí Ṣómólú, lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá. Mo gbé èkejì sí yàrá mi ní Bàrígà. Mo dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún àwa mẹ́ta. Kò sí ọ̀gá kan láàárín tó ń kó ọ̀rọ̀ wa pa mọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ ní Ṣómólú, sáfà Ṣómólú á tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀, á fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Bàrígà. Ohun tí mo bá kọ náà á lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó ti kọjá.

Màmá bi mí pé, "Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Èwo ló ṣáájú?" Àgbà atowé, ẹ ò rí i pé ó mọ ibi tí ẹjọ́ wà! Mo kọ àlàyé fún un. Mo ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gbé àmì ọ̀rọ̀ tó rí níwájú rẹ̀ dání. Bí ẹni méjì bá dáhùn ọ̀rọ̀ kan náà láìtíì rí ti ara wọn, ọ̀nà á yà sí méjì níbẹ̀. Ẹni tó bá wá rí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, tó sì sọ tirẹ̀, òun ló so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ìtàn gúrúùpù kì í ṣe okùn kan gbọọrọ. Ó máa ń yà, ó sì máa ń pàdé.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè, ó pariwo, "Àṣé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló mọ ìyá rẹ̀!"

Mo pariwo pa dà, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá!" bíi pé ó lè gbọ́ mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má dá mi lóhùn jàre, ayọ̀ òmùgọ̀ ni.

Ìyá mi fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yẹn. Kò gbọ́ ìró rẹ̀, àmọ́ á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á ní ó ń gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń mọ̀ bóyá máṣìnnì ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti lọ.

Ó ku ohun kan. Gúrúùpù gbọ́dọ̀ ní ẹni tó láṣẹ, ẹni tó lè fi èèyàn wọlé tàbí kó yọ èèyàn jáde. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ, èmi ni mo so wáyà, èmi ni mo mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ṣé èmi ni n ó wá di ẹni tó lè lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni bàbá rẹ báyìí." Mo kó gbogbo àṣẹ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi di ọmọ ilé lásán. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Bí wọ́n tún ṣe tọ́ wa nìyí: nígbà tí bàbá mi wà láyé, bí ọmọ bá yájú, bàbá á ní, "Bọ́ síta!" Wàá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà títí inú wọn á fi rọ̀, wọ́n á wá pè ọ́ wọlé wá jẹun. Kò sí ìkórìíra níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àṣà yìí wọ inú gúrúùpù. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ sí i ṣàkàṣàkà, á yọ mí lọ́sàn-án, á fi mí pa dà nírọ̀lẹ́, á ní, "Ó ti tó, wọlé." Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn ilé lásán ló ka gúrúùpù náà sí.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò lọ mọ́. Àwọn tó ń wá tẹ káàdì ìgbéyàwó lọ́dọ̀ wa, inú fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á ta máṣìnnì, òun á kó Màmá pa dà sílé, sí Ìjẹ̀bú, kí àwọn lọ máa gbé ilé tí bàbá kọ́ síbẹ̀. Mi ò lè gbé e mì. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "Bọ̀dá mi, ẹ ta ohun tó bá wù yín. Màmá kì í ṣe máṣìnnì."

Màmá ló kọ̀wé. Mo lè ka ọ̀rọ̀ yẹn lórí báyìí bí ẹ bá jí mi lójú oorun. Ó ní, "Ọmọ mi obìnrin, mi ò fẹ́ lọ sílé. Ta ni mo tún mọ̀ níbẹ̀? Ṣé mo lè wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ? Bí o bá ní kí n máa bọ̀, n ò ní bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ."

Akoka ni mo wà, mo tú kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan palẹ̀ síwájú mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ máa bọ̀, Màmá. Èmi fúnra mi á wá gbé yín láàárọ̀ Sátidé. Ẹ má di ẹrù púpọ̀." Mo tún fi òmíràn lé e: "Ibùsùn mi gba àwa méjèèjì." Mo lọ ra àpótí kékeré kan tí Màmá á máa gbé ẹsẹ̀ lé, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Mo kó gbogbo irin àti wáyà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo gbálẹ̀ títí dé abẹ́ ògiri.

Màmá kò fèsì. Mo wo sáfà Bàrígà, mo rí i pé kò rí ti Ṣómólú bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò wọn ti gé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ Màmá ló jáde gbẹ̀yìn kí wáyà tó já. Kò bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo ṣe é fún gan-an nìyẹn: bí ọ̀nà bá dí, sáfà kọ̀ọ̀kan á máa bá tirẹ̀ lọ, bí ọ̀nà bá là, wọ́n á kó ọ̀rọ̀ fún ara wọn. Mo ní kí Sátidé tó dé, wọ́n á ti tún un ṣe.

Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, nírọ̀lẹ́ Fúráìdé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi méjèèjì ti lọ, sáfà Ṣómólú sì ti gbà wọ́n. Ìlà kékeré kan wá yọ lábẹ́ wọn lórí fóònù mi: ẹ̀gbọ́n mi ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Bọ̀dá ti rí ìdáhùn mi, inú ti bí wọn, wọ́n ti ní kí n bọ́ síta. Wọ́n á pè mí wọlé.

Láàárọ̀ Sátidé, mo bá kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣómólú. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn. Mo kàn án, mo kàn án, àfi bíi pé adití ló kù nínú ilé lóòótọ́. Ìyá tó ń di ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kejì jáde sí mi.

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú láti ìdájí."

"Màmá ńkọ́, mà?"

"Wọ́n jọ lọ ni. Àpò rẹ̀ gan-an, òun ló fúnra rẹ̀ gbé e."

Òun ló fúnra rẹ̀ gbé e. Mo yọ fóònù, mo wo ohun tó wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀: Màmá bèèrè, èmi dáhùn, wọ́n yọ mí jáde. Kí ni ẹ̀yin náà máa rò? Mo rò pé ó ti ka ìdáhùn mi, ó sì tún bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, kò gbé e. Màmá, kò sí bí mo ṣe lè pè é, inú gúrúùpù nìkan ló sì ti ń ka ọ̀rọ̀. Gúrúùpù, mo ti di ará ìta. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ojú fóònù ni èmi ń wò. Mo wọ kẹ̀kẹ́ pa dà sí Bàrígà, mo sì jókòó lórí àpótí ẹsẹ̀ yẹn, mo sunkún.

Mi ò tẹ̀ lé wọn. Ó dùn mí wọ eegun. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mi, wọ́n mọ ibi tí mo wà. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí wọlé.

Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Ara Màmá kò yá. Máa bọ̀ kíákíá." Ó tún ní òun ti fi mí pa dà sínú gúrúùpù, kí n lè rí Màmá bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, bó bá lè kà á.

Bí mo ṣe ń ki aṣọ bọ àpò, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Sáfà Bàrígà ti ń béèrè lọ́wọ́ sáfà Ṣómólú, tí iná sóólà kékeré gbé ró nínú ilé tí wọ́n tì pa, pé kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ Màmá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi, mo ń dúró."

"Ṣé o rí ọ̀rọ̀ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o ti jáde. Kò burú. Mo mọ̀ pé yàrá rẹ kéré."

Lẹ́yìn náà, láti Ìjẹ̀bú: "Òjò rọ̀ lónìí. Mo ronú nípa òrùlé rẹ tó ń jò." Èyí tó tẹ̀ lé e: "Mi ò bínú sí ọ o."

Háà! Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo ìtàn gúrúùpù yẹn ní ìhòòhò, bí sáfà ṣe tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìyá rẹ̀. Ìbéèrè Màmá ló wà lókè. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ìdáhùn mi jẹ́ ọmọ ìbéèrè yẹn. Yíyọ tí ẹ̀gbọ́n mi yọ mí, ọmọ ìbéèrè yẹn náà ni. Nígbà tí wáyà já, bó ṣe rí ìbéèrè Màmá ni inú bí i, ó ti ní kí n bọ́ síta kó tó di pé ìdáhùn mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ lẹ́yìn náà, ẹ̀ka ti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n so mọ́. Kò sí ọ̀kan, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó mọ tèmi ní ìyá.

Mo mọ òfin tó ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìdáhùn mi dé Ṣómólú nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, sáfà yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí mo kọ ọ́, mo ṣì wà nínú gúrúùpù. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó gbà á, ó sì fi í sí àyè rẹ̀ nínú ìtàn. Ó tún wá wo bí nǹkan ṣe rí ní wákàtí yẹn: ẹni tó kọ ọ́ ti di ará ìta. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òfin ní kí sáfà tọ́jú rẹ̀, kó má fi han ẹnikẹ́ni, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun so mọ́ ọn. Òfin náà dáa o. Bí kò bá sí i, ẹni tí wọ́n lé jáde lè máa rọ́ ọ̀rọ̀ wọlé, kó máa purọ́ pé àná lòun ti sọ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó hàn lójú tèmi, ọ̀tọ̀ ni èyí tó hàn lójú tiwọn. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo kọ ọ́ lójú ọ̀nà: "Màmá, mo dáhùn. Mo ní kí ẹ máa bọ̀. Mo wá sí ilé, mo bá àgádágodo." Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ, ó sì hàn lórí fóònù Màmá. Fóònù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nígbà tí mo wọlé ní Ìjẹ̀bú, iná rẹ̀ ń tàn. Ojú Màmá ti pa dé. Wọ́n ní láti àárọ̀ ni kò ti là á mọ́.

Etí tó dí, ojú tó pa dé. Ibo lèèyàn fẹ́ gbà wọlé? Mo gbé fóònù síwájú ojú rẹ̀, mo tún gbé e kúrò. Mo pariwo, "Màmá!" ẹ̀gbọ́n mi sì di ejìká mi mú. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èyí tí bébà ti ha dán, mo fi ìka mi kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì: MO DÁHÙN. Mo nù ún bíi pé yíǹkì ni, mo tún un kọ. Àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá rò pé àdúrà ni mò ń gbà, wọ́n ń ṣe àmín. Àtẹ́lẹwọ́ náà kò pa dé. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mi ti lọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Ṣómólú láti lọ pa sáfà. Wọ́n ti gbé máṣìnnì ìtẹ̀wé lọ. Ojú epo dúdú ló kù nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àga Màmá. Mo ti di ẹjọ́ wá láti Bàrígà, mo fẹ́ kó jó o lára. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ fún un sórí sìmẹ́ǹtì: ọ̀rọ̀ Màmá nìyí, ìdáhùn mi nìyí, "bọ́ síta" yín nìyí. Ó wò ó pẹ́.

"Kò sọnù nígbà náà," ó ní.

"Kò sọnù, Bọ̀dá mi. Inú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí ló wà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Ìdájí ọjọ́ kejì lẹ gbéra."

Ó gbé ọwọ́ bo ojú. Mo dúró kó bẹ̀ mí, mo ti múra láti má gbà. Kò bẹ̀ mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń sọ. Ó ní nígbà tí wọ́n so wáyà tán, òun fi ọwọ́ júwe fún Màmá pé ó ti dé, ọ̀nà ti là. Ó ní Màmá fa àga mọ́ tábìlì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ̀ǹpútà, kò gbé e kúrò mọ́. Oúnjẹ tutù síwájú rẹ̀. Òun wá fọwọ́ kàn án léjìká pé ilẹ̀ ti ń ṣú, kó wá di àpò rẹ̀.

"Ó wò mí," ẹ̀gbọ́n mi ní. "O mọ bó ṣe máa ń pariwo. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ó ní, 'Ó ń gbọ̀n. Ó ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tí kò sọ nǹkan kan fún mi?'"